Saint-Jean àbí Sarria? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ Camino pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 59 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fẹsẹ̀ rin Camino, ọ̀nà ìrìn àjò ìgbàgbọ́ láti ayé àtijọ́, dé Santiago de Compostela ní Sípéènì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ní, àtàlọ àtàbọ̀. Ọmọ mi obìnrin ní tí mi ò bá bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port, mi ò tíì rìn ín. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n má pa ara mi, kí n bẹ̀rẹ̀ ní Sarria kí n gba ìwé ẹ̀rí kí n máa bọ̀ nílé. Orúnkún mi òsì máa ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù à ń sùn láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí náà ń bà mí, èmi kì í sì í ṣe Kátólíìkì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ara mi á gbé e?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ pẹ́. Ara yín á gbé e. Ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean, mi ò sì ní kẹ́ ẹ dúró dìgbà tó bá di Sarria, níbi tí ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Burgos, ìlú kan tó wà lójú ọ̀nà láàárín méjèèjì, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó dárúkọ Burgos fún yín, torí náà ẹ jẹ́ n ṣàlàyé dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an, mo ti rí àwọn tí ara wọn le ju tiyín lọ tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ba ìrìn oṣù kan jẹ́, kìkì nítorí ibi tí wọ́n ti gbéra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Láti Saint-Jean, tó wà nílẹ̀ Faransé lẹ́sẹ̀ òkè Pyrenees, dé Santiago, ó tó bí 780 kìlómítà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Camino Francés. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yín jẹ́ ọjọ́ 35. Ẹ yọ ọjọ́ 2 fún wíwọ ọkọ̀ òfuurufú àti dídé ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ 3 fún Santiago fúnra ẹ̀ àti pípadà sílé, ó ku 30. Ẹ wá pín 780 sí 30. Kìlómítà 26 lójúmọ́ nìyẹn o, láìsinmi ọjọ́ kan ṣoṣo, láìsí àìsàn, láìsí òjò kankan tó dá yín dúró. Mi ò ní gba ẹni ọgbọ̀n ọdún nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀, ká má tíì wá sọ ẹni tí orúnkún ń dùn. Àmọ́ láti Burgos, bí 490 kìlómítà ló kù. Ẹ fi ọjọ́ 4 sílẹ̀ fún ìsinmi nínú 30 yẹn, ó ku 26, ẹ pín in, kò pé 19 lójúmọ́. Ìyẹn ṣe é ṣe. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá ń kùn ẹ rin 10, lọ́jọ́ tára bá yá gágá ẹ rin 24, kò sẹ́ni tó ń lé yín.

Ọ̀rọ̀ tọ́mọ yín sọ ńkọ́? Ẹ bá mi kí i o, inú mi dùn pé ó ń bá yín dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò síbi tí òfin ní kí Camino ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí nìkan ni gbogbo wọn fẹnu kò lé. Láyé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà ilé oníkálukú ló ti ń gbéra. Nígbà tí ìròyìn tàn ní ọ̀rúndún kẹsàn-án pé wọ́n ti rí ibojì Àpọ́sítélì Jákọ́bù ọmọ Sébédè ní Galicia, agbègbè Sípéènì tí Santiago wà, Oviedo tí ààfin Ọba Alfonso Kejì ti Asturias wà ni wọ́n ní ọba ti gbéra lọ síbẹ̀, ọ̀nà tó gbà yẹn la ń pè ní Camino Primitivo lónìí, kò dé Saint-Jean, kò tiẹ̀ rántí ẹ̀. Codex Calixtinus, ìwé ọ̀rúndún kejìlá tó wà lọ́wọ́ kàtídírà Santiago, dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tó la ilẹ̀ Faransé kọjá tí wọ́n wá padà di ọ̀kan ní Puente la Reina. Ìlú tó wà létí òkè ni Saint-Jean, ibẹ̀ rọrùn fún àwọn tó ń ti Faransé bọ̀, òun náà ló sì gbajúmọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n gbígbajúmọ̀ ò sọ ọ́ di òfin. Ẹni tó ti Saint-Jean rìn àtẹni tó ti Burgos rìn, ìwé ẹ̀rí kan náà ni wọ́n máa já lé wọn lọ́wọ́. Compostela ni wọ́n ń pè é, èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́, tó fi mọ́ orúkọ yín gan-an. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rin ó kéré tán 100 kìlómítà wọ Santiago, tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ lẹ gùn, 200.

Ó wá ku orúnkún, òun gan-an ló jẹ́ kí n mú Burgos. Ẹ ní tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ ló máa ń dùn yín. Ṣé ẹ rí i, gígun òkè kàn ń gba èémí èèyàn ni, tẹ́ ẹ bá dúró mí díẹ̀ ó tán. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń jẹ orúnkún, torí pé gbogbo ìwọ̀n ara yín pẹ̀lú ti báàgì ló ń já lu ẹsẹ̀ kan ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kejì, iṣan itan ló sì yẹ kó gba ìwúwo yẹn dúró, tí iṣan ọ̀hún ò bá tíì le, orúnkún á gbà á. Ọjọ́ àkọ́kọ́ láti Saint-Jean sí Roncesvalles, bí kìlómítà 25, ẹ máa gun òkè tó ju 1,200 mítà lọ, ẹ ò sì tíì mí tán tẹ́ ẹ fi máa já sínú igbó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó máa sọ̀ yín kalẹ̀ bí 500 mítà láàárín kìlómítà díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbàgbé ìyẹn, lẹ́yìn Pamplona, Alto del Perdón ń dúró dè yín, òkè kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ kún fún òkúta róbótó tó ń yí lábẹ́ bàtà. Ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí àwọn èèyàn tó ń rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí alákàn, tójú wọn ti pọ́n, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Láti Burgos, ilẹ̀ tẹ́. Meseta nìyẹn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ àárín gbùngbùn Sípéènì, oko àlìkámà lọ́tùn-ún lósì títí ojú á fi rẹ̀ yín, ó sì tó ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwọ̀n ìrìn tiyín kẹ́ ẹ tó rí òkè gidi. Láàárín ìgbà yẹn iṣan itan yín á ti le, ẹsẹ̀ á ti mọ bàtà, ẹ ó sì ti mọ ìwọ̀n ara yín kẹ́ ẹ tó dé orí òkè León. Ọ̀pọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì láti Burgos lọ sí León, wọ́n á fo bí 180 kìlómítà, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ọkàn ti máa ń dákẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti báàgì ló kún orí èèyàn, tó bá wá di Meseta tí kò sóhun tó ń gba àfiyèsí, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà láìmọ̀, ọ̀rọ̀ tó ti tì sẹ́yìn láti ogún ọdún á yọjú, ẹ ó sì ráyè gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fo ibẹ̀ ti fo ìdajì ohun tó bá wá.

Bí mo ṣe máa tò ó fún yín nìyí. Ọkọ̀ òfuurufú sí Madrid, bọ́ọ̀sì wà láti pápákọ̀ òfuurufú Barajas lọ sí Burgos tààrà, kò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ẹ sùn níbẹ̀, ẹ wo kàtídírà wọn lọ́jọ́ kejì, ẹ má kánjú. Ọjọ́ ìrìn àkọ́kọ́, Burgos sí Tardajos, bí 11. Ó tó, ẹ dúró, kódà tára bá ń ní kẹ́ ẹ máa lọ. Ọjọ́ kejì Hornillos del Camino, bí 10. Ọjọ́ kẹta Hontanas, bí 10 àtààbọ̀, ìlú yẹn wà nínú kòtò, ẹ ò ní rí i rárá, ilẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ẹ ó kàn ṣàdédé rí ṣóńṣó ilé ìjọsìn níwájú ẹsẹ̀ yín. Ọjọ́ kẹrin Castrojeriz, bí 10 náà ni, ọ̀nà ọ̀hún sì gba abẹ́ ògiri San Antón kọjá, ilé àwọn mọ́ńkì Antonine tó ti di àlàpà. Àwọn mọ́ńkì yìí ló máa ń tọ́jú àwọn tí iná San Antón ń jó lára, àìsàn burúkú kan láyé ọjọ́un tó máa ń sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di dúdú títí á fi já, àṣé olú kan tó ń hù lára ọkà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ló ń fà á. Wọ́n ní ara àwọn aláìsàn tó ń rin ìrìn àjò máa ń yá bí wọ́n bá jẹ búrẹ́dì àwọn mọ́ńkì yẹn, tí kò ní olú ọ̀hún nínú. Ẹ dúró lábẹ́ ògiri yẹn díẹ̀.

Lẹ́yìn Castrojeriz, Mostelares wà níbẹ̀, òkè kúkurú kan tó ga lójijì, ẹ̀yìn ẹ̀ sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gidi lórí kọnkéré. Kò pẹ́ tó fi parí, àmọ́ ẹ fi ọ̀pá ìrìn méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, sọ̀ ọ́, ìgbésẹ̀ kéékèèké, kẹ́ ẹ máa rìn ín lọ́tùn-ún lósì bí ejò dípò kẹ́ ẹ kọjú sí ìsàlẹ̀ gbọnrangandan. Bẹ́ ẹ ṣe ṣe níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe ní gbogbo ibi tó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé Santiago. Lẹ́yìn ìyẹn ọ̀nà á bá yín tẹ̀ lé odò tí wọ́n gbẹ́, Canal de Castilla, wọ Frómista, inú mi máa ń dùn síbẹ̀ láàárọ̀. Láti Carrión de los Condes sí Calzadilla de la Cueza, kìlómítà 17 ni kò ní abúlé kankan, kò sí igi tí èèyàn á fi bẹ́ẹ̀ sá sábẹ́ ẹ̀, torí náà omi lítà méjì, oúnjẹ, fìlà, kẹ́ ẹ sì ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Nítorí oòrùn yẹn náà ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ má lọ lóṣù July tàbí August. Ìbẹ̀rẹ̀ September sí àárín October ló dáa jù fún yín, tàbí April ìparí sí May. Tẹ́ ẹ bá ń ro 2027, ẹ mọ̀ pé ọdún mímọ́ nìyẹn, torí July 25 tó jẹ́ ọjọ́ Jákọ́bù mímọ́ bọ́ sí Sunday, wọ́n á ṣí Ilẹ̀kùn Mímọ́ ní kàtídírà, èrò á sì pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ẹsẹ̀ wá kù, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì, torí nínú ohun tí mo ti rí, ìléròrò ló ń dá èèyàn padà sílé ju orúnkún lọ. Bàtà yín gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ yín lọ díẹ̀, nọ́ńbà kan odindi fún ẹlòmíì, torí ẹsẹ̀ máa ń wú tó bá ń rìn ní gbogbo ọjọ́, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ rà á nígbà tó ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi rìn gangan. Bàtà ìsáré tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ le tó, tó ń gba afẹ́fẹ́, ni mo fẹ́ fún yín, bàtà awọ ńlá wọ̀nyẹn wúwo, tí wọ́n bá sì tutù wọn kì í tètè gbẹ. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi fasilín ra gìgísẹ̀, abẹ́ àtàǹpàkò àti àárín àwọn ọmọ ìka. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tó fẹ́lẹ́, ẹ má lo ti òwú lásán, òwú máa ń mu òógùn á sì wá máa ha awọ. Tẹ́ ẹ bá ń rìn tẹ́ ẹ wá ṣàkíyèsí pé ibì kan ń gbóná lẹ́sẹ̀ yín, ní gìgísẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka kékeré, lójú ẹsẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ dúró o. Ẹ má sọ pé abúlé ò ní pẹ́ dé mọ́. Ẹ jókòó sórí òkúta, ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ nù ún kó gbẹ, ẹ gbọn ìyẹ̀pẹ̀ inú bàtà dànù, ẹ wo ibẹ̀, á ti pọ́n díẹ̀ láìtíì wú. Ẹ lẹ téèpù oníṣègùn mọ́ ọn kó tẹ́ dáadáa láìká, ẹ fi ìka pa etí ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ mìíràn tó gbẹ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì lè gba ọjọ́ mẹ́rin là fún yín. Tó bá ti wá di ìléròrò tó lómi, ẹ máa rí ẹni tó máa ní kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ kó òwú gba inú ẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ fi òwú sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́jú. Ẹ má ṣe é jọ̀ọ́, òwú yẹn lọ̀nà tí kòkòrò máa gbà wọlé. Gbogbo ìlú tó tóbi díẹ̀ ló ní farmacia, ẹ máa rí àgbélébùú aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò, ẹ kàn bọ́ bàtà kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n.

Èékánná ẹsẹ̀ náà o, ẹ gé e kúrú kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Báàgì ò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín lọ, tẹ́ ẹ bá wọn kílò 70, kílò 7 péré nìyẹn pẹ̀lú omi ẹ̀. Aṣọ méjì, ọ̀kan lára, ọ̀kan lọ́wọ́, ẹ ó máa fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, oòrùn Meseta á gbẹ ẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Aṣọ òjò, torí Galicia ò mọ̀ pé ẹ wá sinmi. Bàtà ìwẹ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀ nírọ̀lẹ́, iná kékeré, àpò ìsùn fífẹ́lẹ́. Tí orúnkún bá ń dààmú yín, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Sípéènì, Correos, àtàwọn mìíràn máa ń gbé báàgì láti ibùsùn kan lọ sí ìkejì ní yúrò díẹ̀ lójúmọ́, ẹ kọ orúkọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn sínú àpòòwé kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ẹni tó fi báàgì ránṣẹ́ ò rìn, ẹ má dá a lóhùn. Kìkì pé ọ̀pọ̀ ilé ìsùn ìjọba, pàápàá ní Galicia, kì í gba báàgì tí wọ́n fi ránṣẹ́, àfi kẹ́ ẹ gba yàrá sí ilé aládàáni lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ló tẹ̀ lé e. Albergue ni wọ́n ń pe ilé tí arìnrìn-àjò ń sùn, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ló pọ̀ nínú ẹ̀, ọkùnrin obìnrin nínú yàrá kan. Mo mọ̀ pé ó ṣòroó gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́ wọ́n á ti ilẹ̀kùn, iná á kú, gbogbo èèyàn ti rẹ̀, ohun tó máa dààmú yín ò ju ẹni tó ń hanrun lọ, ẹ ra nǹkan ìdíwọ́ etí. Aago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo yín á ti jáde, alẹ́ kan péré ni wọ́n sì ń gbà èèyàn láyè. Ilé ìjọba tàbí ti ìjọ bí yúrò 10, aládàáni bí 15 sí 20, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tágbára yín bá ká lẹ máa fi sínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nǹkan gidi sí i, owó yẹn ló ń fọ́n iná lálẹ́ fẹ́ni tó ń bọ̀ lọ́la. Ẹ gbé ẹní bẹ́ẹ̀dì sókè kẹ́ ẹ wo etí ẹ̀ bóyá ìdun wà níbẹ̀, ẹ má gbé báàgì lé orí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ sùn ní albergue lálẹ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá gba yàrá tiyín lálẹ́ kẹrin, kẹ́ ẹ sun oorun gidi. Ẹ má sá fún albergue pátápátá, níbẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn tẹ́ ẹ jọ máa rìn, àwọn ló sì máa wá béèrè yín lọ́jọ́ tí wọn ò bá rí yín lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì wọn ni 112, áàpù àwọn ọlọ́pàá wọn kan sì wà, AlertCops, ẹ gbé e sórí fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra. Lórí títì ọkọ̀, ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ máa rìn kẹ́ ẹ lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Owó, ẹ fi 40 sí 50 yúrò sọ́kàn lójúmọ́, oúnjẹ alẹ́ arìnrìn-àjò á mú bí 12 sí 15 nínú ẹ̀, abọ́ mẹ́ta ni, ẹ ò ní jẹ ẹ́ tán. Àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń tì lọ́sàn-án láti bí aago méjì sí márùn-ún, Sunday sì le jù, ẹ máa ra nǹkan sílẹ̀. Tó bá jẹ́ físà Schengen lẹ máa lò, ìbánigbófò ìlera tó tó 30,000 yúrò ni wọ́n ń béèrè, ẹ ṣètò ìyẹn ṣáájú tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ní ẹ kì í ṣe Kátólíìkì. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìjọ yín lójú ọ̀nà. Ní ọ́fíìsì arìnrìn-àjò ní Santiago wọ́n kàn máa béèrè ohun tó mú yín rìn ni, tẹ́ ẹ bá ní ti ìgbàgbọ́ tàbí ti ẹ̀mí ni, wọ́n á fún yín ní Compostela, tó bá jẹ́ ìgbafẹ́ lásán, ìwé mìíràn wà fún ìyẹn. Ẹ ò ní gba oúnjẹ Olúwa ní Mísà wọn, òfin wọn nìyẹn, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìbùkún tí wọ́n máa ń súre fún arìnrìn-àjò, ti gbogbo èèyàn ni. Ní Rabanal del Camino àwọn mọ́ńkì Benedictine kan wà tí wọ́n ń kọrin àdúrà ìrọ̀lẹ́ ní Látìn nínú ilé ìjọsìn kékeré kan tí ògiri ẹ̀ ti gbó, ẹ má kọjá ibẹ̀.

Rabanal yẹn gan-an ni òkè ti bẹ̀rẹ̀ fún yín, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti rọra. Láti ibẹ̀ ẹ máa gun Cruz de Ferro, bí 1,500 mítà, àgbélébùú irin kékeré lórí òpó igi gígùn, òkìtì òkúta tí àwọn èèyàn ti gbé wá láti ilé wọn ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ mú òkúta kékeré kan dání láti ilé, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ tó tẹ̀ lé e sí Molinaseca ni mo kà sí èyí tó le jù fún orúnkún láti Burgos dé Santiago, bí 900 mítà ní ìsàlẹ̀, lórí òkúta pẹlẹbẹ tó máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan. Ẹ̀yin, ẹ sùn ní El Acebo tó wà ní agbedeméjì, kẹ́ ẹ sọ ìyókù lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti sinmi. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ gba ojú títì ọkọ̀, kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò yọ̀. Òkè kejì ni O Cebreiro, gígun ẹ̀ le, ní Las Herrerías lẹ́sẹ̀ ẹ̀ àwọn kan ń fi ẹṣin háyà, sísọ̀ ẹ̀ sí Triacastela ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. O Cebreiro yìí ni àlùfáà Elías Valiña ti ṣiṣẹ́, òun ló fi ọ̀dà yẹ́lò kun ọfà sí ojú ọ̀nà ní 1984 nígbà tí ọ̀nà yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, àwọn ọfà yẹ́lò tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 2023 nìkan, ó lé ní 440,000 èèyàn tó gba Compostela. Ẹ dúró nídìí ère ẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ò bá máa ṣìnà kiri.

Ní Sarria ẹ máa rí ohun táwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ń sọ, mi ò sì bá wọn jà, ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ kan péré kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìrìn gidi ni. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ jù lọ, torí ó fi díẹ̀ lé 100 kìlómítà. Lójijì ọ̀nà tó dákẹ́ á kún fún ọmọ ilé ìwé tó ń kọrin. Inú lè bí yín díẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá, àwọn náà ń lọ sí ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Láti ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa ṣètò ibùsùn sílẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì máa gba òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ sínú credencial, ìwé ìrìnnà yín tẹ́ ẹ máa gbà ní Burgos. Ṣọ́ọ̀ṣì, albergue, ilé kọfí, gbogbo wọn ló ní òǹtẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé Santiago, ẹ fi báàgì sílẹ̀ síbì kan ná, wọn kì í jẹ́ kó wọ kàtídírà. Àwo tùràrí ńlá yẹn, Botafumeiro, kì í ṣe gbogbo Mísà ni wọ́n ń fì í, torí náà ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́ tí wọn ò bá fì í lọ́jọ́ tiyín.

Ohun tó kù báyìí ni dókítà. Ẹ jẹ́ kó wo orúnkún òsì yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ rin 19 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26, kẹ́ ẹ béèrè ìdárayá tó ń fún iṣan itan lágbára. Ẹ wá fi oṣù mẹ́ta múra: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 5, kó máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá di oṣù kẹta kẹ́ ẹ máa rin 15 ní Saturday àti 15 ní Sunday pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, torí ọjọ́ kejì tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ló ń sọ òótọ́ ara fún èèyàn. Tí orúnkún bá wú lọ́jọ́ Monday, ẹ kọ̀wé sí mi kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, á jẹ́ ká gbé ìbẹ̀rẹ̀ yín lọ sí León, bí 310 kìlómítà ló kù láti ibẹ̀, ká sì tún ọjọ́ yín tò.